Irin Gbígbé Kì Í Sọ Obìnrin Di Ọkùnrin

  Ẹ̀kọ́ ìlera tiwa lọ́tẹ̀ yìí lè pa àwọn kan lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ kà á délẹ̀ kí ẹ tó fi bébà yìí di ẹ̀pà fún oníbàárà.

Ọ̀rọ̀ náà dá lórí gbígbé irin, tàbí ohun mìíràn tó bá wúwo, lọ́nà tó máa fún ara lágbára. Àwọn ọmọ wa ń pè é ní wéètì. Bí a bá ti dárúkọ rẹ̀ báyìí láàárín àwọn obìnrin, ohun tí a máa kọ́kọ́ gbọ́ ni, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ṣé mo fẹ́ di ọkùnrin ni?" Ẹlòmíràn á ní, "Ẹrù tí mo ti ń rù láti kékeré, ṣé kò tíì tó ni?" Àwọn mìíràn á ní ó máa ń ba ilé ọmọ jẹ́, tàbí pé ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́ ni, kì í ṣe ti ìyá tó ti ní ọmọ-ọmọ. Gbogbo rẹ̀ la máa gbé yẹ̀ wò.

Ẹ wo ọ̀tún, ẹ wo òsì ìsọ̀ yín ná. Nínú àwọn tí ẹ jọ bẹ̀rẹ̀ òwò, mélòó ló ti padà sílé láìjẹ́ pé owó ló tán lọ́wọ́ wọn? Orúnkún ló dá wọn jókòó. Ẹlòmíràn, ìbàdí ni. Ẹlòmíràn wà tó jẹ́ pé bó bá ti jókòó sórí àpótí láàárọ̀, àfi kí ẹnìkan fà á lápá kó tó lè dìde lọ tọ̀. Ẹlòmíràn yọ̀ ṣubú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní balùwẹ̀, eegun itan kán, ó sì di ẹni orí ibùsùn. Ọmọ tó yẹ kó máa bá a ta ọjà ló wá ń gbé e lọ gbé e bọ̀. A ó ní àgbà ló dé. Lóòótọ́ àgbà dé, ṣùgbọ́n ẹjọ́ àgbà nìkan kọ́.

Ẹran ara tó máa ń le kankan tí a bá ká apá kò, èyí tí a ń pè ní iṣan, òun ló ń gbé wa dìde, òun ló ń dì wá mú nígbà tí ẹsẹ̀ bá yọ̀. Láti nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún ló ti máa ń dín kù lára ọkùnrin àti obìnrin. Ìṣirò tí àwọn onímọ̀ ìlera máa ń lò ni pé ó ń dín ní 3 sí 8 nínú 100 ní ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá, ó sì tún ń yára sí i lẹ́yìn ọgọ́ta ọdún. Eegun náà ń bá a lọ. Nígbà tí nǹkan oṣù obìnrin bá dáwọ́ dúró, eegun rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fúyẹ́ kíákíá, nítorí èròjà ara obìnrin tó ń dáàbò bò ó tẹ́lẹ̀ ti wálẹ̀. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí tí oníṣòwò bá ń jẹ ojú owó, tí kò sì fi nǹkan kan lé e. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Gbígbé ohun wúwo wà lára ohun díẹ̀ tó ń dá ojú owó yìí padà sára.

Ṣé irùngbọ̀n ò ní hù?

Èyí ni ẹ̀rù tó ń ba àwọn ọmọge jù, ó sì ń ba àwọn ìyá tó ní ọmọge nílé náà. Wọ́n á ní obìnrin tó bá gbé irin, àyà rẹ̀ á fẹ̀, ohùn rẹ̀ á kẹ̀, ọkọ á sì sá. Ẹ jẹ́ ká sọ ìdí tí kò fi lè rí bẹ́ẹ̀. Èròjà kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tí àwọn dókítà ń pè ní testosterone. Òun ló ń sọ ohùn ọmọdékùnrin di ohùn àgbàlagbà, òun ló ń hu irùngbọ̀n, òun náà ló ń mú kí iṣan ọkùnrin tètè tóbi. Obìnrin náà ní in lára, ṣùgbọ́n ti ọkùnrin tó ìlọ́po mẹ́wàá tiwa, ó tún máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Irin kò ní èròjà yìí nínú. Ike omi kò ní in. Ohun tí irin ń ṣe ni pé ó ń pe iṣan tí Ọlọ́run ti fi sára yín síṣẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́ pàápàá, iṣan kì í tíì tóbi rárá. Ọpọlọ ló ń kọ́ bí yóò ṣe máa rán iṣan níṣẹ́ dáadáa. Ìdí nìyẹn tí agbára fi máa ń dé kí ojú tó rí ìyàtọ̀ kankan lára.

Àwọn obìnrin tí a ń rí nínú àwòrán ńkọ́, tí apá wọn dà bí ti oníjàkadì? Àwọn kan nínú wọn fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún ṣe é, wákàtí púpọ̀ lọ́sẹ̀, oúnjẹ wọn sì jẹ́ wíwọ̀n. Àwọn mìíràn gba èròjà ọkùnrin tí a wí yẹn sára bí abẹ́rẹ́. Abẹ́rẹ́ náà ló ń pa ohùn dà, irin kọ́. Kò sí ẹni tó ń ṣèèṣì dà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń bẹ̀rù pé òun á kàn jí lọ́jọ́ kan kí òun ti ní apá bíi ti ọkùnrin dà bí ẹni tí kò fẹ́ ta ọjà torí kó má bàa lówó jù.

Ẹ jẹ́ ká tilẹ̀ wo àwọn tó fi í ṣe iṣẹ́. Ọdún 2000 ni wọ́n kọ́kọ́ gba obìnrin láyè láti gbé irin ní ìdíje Òlíńpíìkì, ní ìlú Sydney lọ́hùn-ún ní Ọsirélíà. Ọmọ Nàìjíríà, Ruth Ogbeifo, gba fàdákà níbẹ̀. Kílò 245 ni òun àti obìnrin ará Kòlóńbíà tó gba wúrà jọ gbé. Torí pé ara ẹnìkejì fúyẹ́ ju tirẹ̀ lọ ni wọ́n ṣe fún un ní wúrà. Ní 2022, ní ìdíje àwọn orílẹ̀-èdè Kọmọnwẹ́ẹ̀tì ní Birmingham, Adijat Ọlárìnóyè gba wúrà fún wa. Láàárín àwọn tí ara wọn kò ju kílò 55 lọ ló ti díje. Kílò 111 ni obìnrin yìí gbé kọjá orí. Àpò sìmẹ́ǹtì kan jẹ́ kílò 50. Ẹ wá ṣe ìṣirò rẹ̀: àpò méjì àti lé, lókè orí ẹni tí ara tirẹ̀ fi díẹ̀ ju àpò kan lọ. Bí irin bá ń sọ obìnrin di ọkùnrin, irú rẹ̀ ni ìbá kọ́kọ́ sọ dà, ṣùgbọ́n bó bá kọjá níwájú ìsọ̀ yín lónìí, "Àǹtí, ẹ wá wo léèsì tuntun" lẹ máa kí i. Fọláṣadé Olúwafẹ́miayọ̀ náà ńkọ́? Ní ìdíje àwọn akanda ẹ̀dá tó wáyé ní Tokyo ní 2021, ó fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, ó sì ti kílò 152 sókè. Ìyẹn ju àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́ta lọ.

A kò ní kí ẹnikẹ́ni lọ gbé sìmẹ́ǹtì o. Kílò 4, kílò 5, títí dé kílò 10 tàbí 20 lọ́jọ́ iwájú, ló tó fún ohun tí à ń wá.

Ẹrù tí mò ń rù ńkọ́?

Ìbéèrè gidi nìyí, ẹni tó bá bi í kò jẹ̀bi. Àwọn ìyá wa ti ń rẹrù tipẹ́. Ẹni tó pọn omi, tó sì ru igi láti kékeré lágbára ju ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń jókòó ti tẹlifíṣọ̀n lọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bi ara wa ní òótọ́ ọ̀rọ̀: lónìí, ta ló ń ru ẹrù yín? Ọkọ̀ ló ń já a sílẹ̀, aláàárù ló ń gbé e dé ìsọ̀, ọmọ iṣẹ́ ló ń tò ó. Ìyá ọlọ́jà á wá jókòó láti aago méje òwúrọ̀ di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́; ọwọ́ ló ń nà, ẹnu ló ń lò. Nígbà tó bá délé, ó ti rẹ̀ ẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àárẹ̀ ìjókòó, oòrùn àti ariwo ni. Itan rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ kankan láti àárọ̀. Kí ó rẹni kì í ṣe ẹ̀rí pé iṣan ti ṣiṣẹ́.

Àwọn tó ṣì ń ru ẹrù fúnra wọn ńkọ́, àwọn tó ń kiri, àwọn tó ń ti oko bọ̀ pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ lórí? Ẹrù orí ní iṣẹ́ tirẹ̀, a kò bú u. Àmọ́ ọ̀nà kan ṣoṣo ló ń gbà. Ó ń ti òkè tẹ ọrùn àti eegun ẹ̀yìn mọ́lẹ̀. Bó bá ti jókòó sórí òṣùká tán, iṣan ọrùn àti ti ẹ̀yìn kàn ń dì í mú ni. Apá kò fa nǹkan kan, èjìká kò ti nǹkan kan, orúnkún kò tẹ̀ kó sì nà pẹ̀lú ìwọ̀n ẹrù náà àfi lẹ́ẹ̀kan tí a gbé e rù. Yàtọ̀ sí èyí, ẹrù kì í bi wá léèrè bí ara wa ṣe rí. Bí ọjà bá ṣe pọ̀ tó ló ṣe ń wúwo tó. Lọ́jọ́ ọjà, a ó ru èyí tó ju agbára wa lọ. Ní ọjọ́ tó kù, a kò ní gbé nǹkan kan. Irin gbígbé yàtọ̀, torí pé ẹ̀yin lẹ ń yan ìwọ̀n rẹ̀. Ibi tí ara bá gbà lẹ ó ti bẹ̀rẹ̀, ẹ ó máa fi díẹ̀díẹ̀ kún un, ẹ ó sì máa fún ara láyè láti sinmi. Inú ìsinmi yẹn ni agbára ti ń wọlé.

Èrè mìíràn tún wà níbẹ̀ fún ọlọ́jà. Ẹ wo bí ọ̀pọ̀ wa ṣe ń gbé kẹ́ẹ̀gì epo: ẹsẹ̀ á dúró gbọnran, ẹ̀yìn á tẹ̀ bí ọrun, a ó wá fi "hẹn!" kan ṣoṣo fà á sókè. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 tó kún fún epo pupa ń lọ sí kílò 23. Ẹ̀yìn ló ń jẹ gbogbo rẹ̀. Ẹ sún mọ́ kẹ́ẹ̀gì náà dáadáa, ẹ ya ẹsẹ̀ díẹ̀, ẹ ti ìdí sẹ́yìn bí ẹni fẹ́ jókòó, kí ẹ̀yìn yín tẹ́ pẹrẹsẹ, kí àyà yọ síwájú, kí ẹ wá fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀ dìde. Ohun tí wọ́n ń kọ́ àwọn tó ń gbé irin ní ilé ìdárayá náà nìyẹn, wọ́n sì ń san owó kí wọ́n tó kọ́ wọn.

Ọ̀rọ̀ ilé ọmọ

Eléyìí gba sùúrù, torí òótọ́ díẹ̀ wà nínú ohun tí àwọn àgbà ń bẹ̀rù. Gbígbé irin kì í ba ilé ọmọ jẹ́, kì í sì í dí obìnrin lọ́wọ́ àtilóyún. Ṣùgbọ́n iṣan kan wà nísàlẹ̀ abẹ́ tó gbé ilé ọmọ àti àpò ìtọ̀ dúró, bí ọ̀já ṣe ń gbé ọmọ dúró lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Ọmọ bíbí púpọ̀, ìrọbí tó pẹ́ jù, ìgbẹ́ gbígbẹ tí à ń fi ipá yà ní gbogbo ìgbà, àti ẹrù tó wúwo jù tí à ń di èémí gbé, gbogbo wọn lè mú ọ̀já náà dẹ̀. Ìgbà náà ni obìnrin máa ń rí i pé nǹkan ń wálẹ̀ lójú ara òun, tàbí pé ìtọ̀ ń já bó bá wúkọ́ tàbí tó bá rẹ́rìn-ín. Ẹlòmíràn á pa á mọ́ra fún ogún ọdún, kò ní sọ fún ọmọ, kò ní sọ fún ọkọ, á kàn máa fi aṣọ dí i. Ẹ̀yin ìyá wa, àìsàn ni, kì í ṣe ìtìjú, ó sì ní ìtọ́jú. Ẹni tó bá ní irú rẹ̀, kó kọ́kọ́ rí dókítà tàbí nọ́ọ̀sì kó tó gbé ohunkóhun tó wúwo.

Ẹni tí kò ní in, kó máa fún iṣan náà mọ́ra bí ẹni tó ń dá ìtọ̀ dúró, kó kà dé márùn-ún, kó tú u, nígbà mẹ́wàá lójoojúmọ́. Orí ìsọ̀ náà lẹ lè jókòó sí ṣe é, oníbàárà kò ní mọ̀. Nígbà tí ẹ bá sì ń gbé nǹkan sókè, ẹ máa mí síta. Èémí tí a dì mọ́ inú ló ń ti nǹkan sísàlẹ̀.

Ní ti aboyún, ẹni tó ti ń gbé irin kó tó lóyún, tí oyún rẹ̀ kò sì ní wàhálà, àwọn dókítà òde òní kì í sọ pé kó dáwọ́ dúró pátápátá, kó kàn jẹ́ kí nọ́ọ̀sì aláboyún mọ̀, kó sì dín ìwọ̀n kù. Ẹni tí kò ṣe é rí, kó má lọ fi ìgbà oyún bẹ̀rẹ̀ èyí tó wúwo.

Ìyá àgbà ńkọ́?

Ní 1990, àwọn dókítà kan ní Boston, ní Amẹ́ríkà, gbé ìwádìí kan jáde. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni wọ́n lọ. Wọ́n mú ènìyàn mẹ́wàá, obìnrin àti ọkùnrin, àwọn tí ara wọn ti di ẹlẹgẹ́, tí ọjọ́ orí wọn sì wà ní nǹkan bí àádọ́rùn-ún ọdún. Wọ́n ní kí wọ́n máa fi ẹsẹ̀ gbé irin, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Mẹ́sàn-án ló ṣe é parí. Agbára itan wọn fi 174 nínú 100 lé sí i. Ká sọ ọ́ bí a ṣe ń sọ ọ́ lọ́jà, ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ gbé kílò 8 tẹ́lẹ̀ wá ń gbé nǹkan bíi kílò 22. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ péré ni o! Ẹni àádọ́rùn-ún ọdún ni o! Ẹ̀yin tí ẹ pé ọgọ́ta lẹ wá ń sọ pé ó ti bọ́ lọ́wọ́ yín?

Ti eegun náà wà níbẹ̀. Ní 2018, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Griffith ní Ọsirélíà gbé àbájáde tiwọn jáde. Obìnrin 101 ni wọ́n lò, nǹkan oṣù gbogbo wọn ti dáwọ́ dúró, eegun wọn sì ti ń fúyẹ́. Wọ́n pín wọn sí ọ̀nà méjì. Àwọn kan ń gbé irin tó wúwo dáadáa, ìṣẹ́jú 30, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, fún oṣù mẹ́jọ. Àwọn tó kù ń ṣe eré ìdárayá fẹ́rẹ́fẹ́ nílé. Eegun ẹ̀yìn àwọn tó gbé irin fi nǹkan bí 3 nínú 100 dí sí i; ti àwọn tó ń ṣe fẹ́rẹ́fẹ́ dín ní nǹkan bí 1 nínú 100. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń bẹ̀rù ni pé ẹ̀yìn wọn á kán. Kò kán. Ṣùgbọ́n ẹ fi sọ́kàn pé olùkọ́ dúró tì wọ́n ní gbogbo ìgbà, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n sì fi dé ibi tó wúwo. Ẹni tí eegun rẹ̀ ti kán rí nítorí ìṣubú kékeré kò gbọdọ̀ dá a bẹ̀rẹ̀ láìrí dókítà.

Àwọn èrò kéékèèké tó kù kò ní gbà wá lákòókò. Wọ́n ní bí a bá dáwọ́ dúró, iṣan á di ọ̀rá. Irọ́ ni. Ẹran kì í di epo, iṣan á kàn joro, ọ̀rá á sì lé sí i bí oúnjẹ kò bá dín. Wọ́n ní kí á máa gbé ikùn sókè gbé e sílẹ̀ kí ọ̀rá ikùn lè yọ́. Ara ló ń yan ibi tí ọ̀rá yóò ti kọ́kọ́ kúrò, kò sí bí ẹ ṣe lè pàṣẹ fún un. Wọ́n ní ìrìn nìkan tó. Ìrìn dára fún ọkàn àti fún ẹ̀jẹ̀, ẹ má fi í sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè fún apá lágbára. Nínú ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2020, méjèèjì ni wọ́n ní kí àgbàlagbà máa ṣe: ìrìn kánmọ́kánmọ́ tàbí irú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀, ó kéré tán, àti iṣẹ́ tó ń mú iṣan lágbára ní ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀, ó kéré tán. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà ló tilẹ̀ yẹ kó fẹ́ràn rẹ̀ jù, torí iṣan ni àká tó tóbi jù tí ara ń kó ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sí. Àká tí a kò kó nǹkan inú rẹ̀ lò kò ní gba tuntun.

Bí a ṣe lè bẹ̀rẹ̀ láìná owó

Lítà omi kan jẹ́ kílò kan. Ẹ di èyí mú, òun ni òṣùwọ̀n wa. Ike omi lítà kan ààbọ̀ jẹ́ kílò kan ààbọ̀. Kẹ́ẹ̀gì lítà 5 jẹ́ kílò 5. Àpò píọ̀ wọ́tà kan tó ní ogún ọ̀rá, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìdajì lítà, jẹ́ kílò 10. Bí ẹ bá rọ yanrìn sínú ike dípò omi, á tún wúwo sí i. Ohun tí irin tó ti òkè òkun wá ń ṣe fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀, kẹ́ẹ̀gì ń ṣe é.

Ìdìde lórí bẹ́ǹṣì ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, torí òun ló kàn wá jù. Ẹ jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó ga dé orúnkún, ẹ ká ọwọ́ lé àyà, ẹ dìde láìfi ọwọ́ ti nǹkan kan, kí ẹ wá rọra padà jókòó. Ẹ má já lu bẹ́ǹṣì. Ìjókòó pẹ̀lẹ́ yẹn níṣẹ́ tó ń ṣe bí ìdìde. Ẹni tí kò bá lè ṣe é, kó fi ìrọ̀rí lé orí bẹ́ǹṣì kó lè ga sí i. Bí ẹ bá ti lè ṣe é nígbà méjìlá láìmí hẹlẹhẹlẹ, ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì lítà 4 tó kún mọ́ àyà, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà mẹ́jọ. Ẹ̀yìn èyí, ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì láti ilẹ̀ bí a ṣe ṣàlàyé ti epo lókè, ẹ nàró tán pátápátá, ẹ rọra gbé e sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọwọ́ òsì ti tábìlì ìsọ̀, ẹ tẹ̀ síwájú, kí ọwọ́ ọ̀tún fa kẹ́ẹ̀gì wá sí ẹ̀gbẹ́ ìbàdí, kí ẹ sì pààrọ̀ ọwọ́. Ẹ dojú kọ ògiri tàbí tábìlì tó dúró ṣinṣin, ẹ tì í bí ẹni fẹ́ ti ọkọ̀, kí àyà sún mọ́ ọn, kí ẹ tún ti ara yín padà. Ní ìkẹyìn, ike omi méjì, ọ̀kan lọ́wọ́ kọ̀ọ̀kan, láti èjìká lọ sókè orí.

Ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìgbà mẹ́jọ sí méjìlá. Ẹ sinmi fún ìṣẹ́jú méjì, ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i, ó tó fún oṣù àkọ́kọ́. Ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀, kí ìsinmi ọjọ́ kan ó kéré tán wà láàárín. Kò lè gbà ju ìdajì wákàtí lọ, ẹ sì lè ṣe é kí oníbàárà tó dé láàárọ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ obìnrin ti ń pàdánù ni ti ìwọ̀n. A ó gbé ike kékeré kan náà láti oṣù kìíní dé oṣù kejìlá, a ó wá ní kò ṣiṣẹ́. Báwo ni yóò ṣe ṣiṣẹ́? Èyí tí ẹ lè gbé nígbà ọgbọ̀n tí ẹ ṣì ń ná ọjà kò wúwo tó. Ìwọ̀n tó dára ni èyí tó jẹ́ pé bí ẹ bá ṣe é dé ìkejìlá, ẹ mọ̀ lára yín pé méjì tàbí mẹ́ta péré ló kù tí ẹ tún lè ṣe. Bí ó bá ti rọrùn jù bẹ́ẹ̀, ẹ bu omi kún un.

Oúnjẹ náà ní láti bá a mu. Iṣan kì í ti inú ẹ̀bà nìkan wá. Ẹ̀wà, mọ́ínmọ́ín, ẹyin, ẹja, wàrà, ẹ̀pà, èyí tí owó bá ká níbẹ̀, kí ó máa wà nínú oúnjẹ ojúmọ́. Àṣà kan wà tí a máa ń kó gbogbo ẹja fún bàbá àti àwọn ọmọ, tí ìyá á fi ọbẹ̀ lásán jẹun. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi tiyín sílẹ̀ nínú ìkòkò.

Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tí oògùn kò tíì mú wálẹ̀, ẹni tí àyà ń dùn tàbí tí òòyì ń kọ́, kó lọ wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kó sì gbọ́ ọ̀rọ̀ dókítà kó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí tirẹ̀ ti wálẹ̀ lè ṣe é, èyí tó ń ṣeni lóore sì ni, ṣùgbọ́n kó má di èémí rárá, torí dídi èémí máa ń ti ẹ̀jẹ̀ sókè lójijì.

Ní ọjọ́ kejì tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀, itan á ro yín, ìjókòó àti ìdìde á nira díẹ̀. Ẹ má bẹ̀rù, ẹ má sì sáré lọ gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ oníkẹ́míìsì. Ìrora iṣan tó ń kọ́ iṣẹ́ tuntun ni, ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin ló ń gbé, kì í sì í tó bẹ́ẹ̀ mọ́ ní ọ̀sẹ̀ kejì. Èyí tó bá ń gún bí abẹ́rẹ́ nínú oríkèé, tàbí tí oríkèé bá wú, ìyẹn yàtọ̀. Ẹ dáwọ́ dúró, kí ẹ sì fi hàn wọ́n ní ọsibítù. Ẹ máa kọ ìwọ̀n tí ẹ gbé àti iye ìgbà tí ẹ gbé e sí ẹ̀yìn ìwé àwìn yín, pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀, kí ẹ lè mọ ìgbà tó yẹ kí ẹ bu omi kún kẹ́ẹ̀gì.